Omi Tí Kò Ní Apẹja Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ omi kéékèèké ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe ọ̀sà ńlá tí ọkọ̀ èrò ń ná láti Bàdóre lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú. Omi tí mò ń sọ ni èyí tó ń gba ẹ̀yìn ọgbà ilé kọjá ní Victoria Garden City, VGC tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àti odò Ìkọtà tó wà nítòsí rẹ̀, àti àwọn kánáàlì tó gba abẹ́ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àti àwọn ẹsẹ̀ odò tó ya wọ àárín Àjà àti Láńgbàsá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gba orí omi wọ̀nyí kọjá lójoojúmọ́ nínú mọ́tò, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá ẹja wà nínú wọn tàbí kò sí. Èrò mi ni pé àìmọ̀ yìí wà lára ohun tó ń pa omi náà, àti pé ẹni tó mú ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dání, pẹ̀lú ìwọ̀ kan ṣoṣo àti ìjẹ ẹ̀tàn tó ń yí bírí nínú omi, ni olùṣọ́ tó rọrùn jù lọ láti rí fún un. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ẹ tó dájọ́.

Orí ẹja kan tí a kò ní rárá ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ìpẹja pẹ̀lú ìjẹ tó ń yí, dójú àmì. Trout ni orúkọ ẹja náà, ẹja omi tútù. Odò òkè ni ibùgbé rẹ̀, omi tó ń sáré lórí òkúta, tó mọ́ gaara, tí ẹsẹ̀ ènìyàn á sì kú tipiri bó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Nínú irú odò bẹ́ẹ̀ tó kéré débi pé ọmọdé lè fò ó kọjá, trout tí ẹnikẹ́ni kò sìn, tí wọ́n bí sínú omi náà tó sì dàgbà síbẹ̀, lè má gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń ṣàn wá bá a. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò ríran sí dáadáa. Nítorí náà, apẹja tó mọṣẹ́ kì í ti òkè odò wá. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gun omi lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́, torí pé ìró ẹsẹ̀ etí odò ń dé inú omi. Á ju ìjẹ rẹ̀ kọjá ibi tó fura sí, á sì máa ká okùn padà kí ó yá díẹ̀ ju bí omi ṣe ń ṣàn lọ, kí irin pẹlẹbẹ tó wà lára ìjẹ náà lè máa yí. Bó bá yára ká a jù, ẹja á jẹ́ kó máa lọ. Bó bá ká a jẹ́jẹ́ jù, irin náà kò ní yí mọ́, á rì. Gbogbo ọgbọ́n náà wà láàárín yíyá àti fífalẹ̀ yìí, odò kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pá tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 lọ, nítorí igi sábà máa ń ṣíji bo omi kékeré, kò sì sí àyè fún ọ̀pá gígùn; okùn tín-ín-rín; àti ìjẹ tí kò wọ̀n ju gíráàmù 2 sí 4 lọ. Bí ènìyàn ṣe ń ju ohun tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, inú ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn ni àṣírí rẹ̀ wà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alfred Holden Illingworth, ará Bradford níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn ran òwú, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ náà ní 1905. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nílé iṣẹ́ òwú ni pé òwú lè máa yọ láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ náà ń yí. Illingworth gbé ìmọ̀ yẹn lọ sí etí odò. Ìjẹ tó lókìkí jù nínú àwọn tó ń yí, Mepps, jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1938. Bí irin rẹ̀ ṣe ń yí ló ń mi omi, ẹja sì ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù, tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì, kódà bí omi náà bá dúdú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ìjẹ yìí wúlò nílùú Èkó tí omi rẹ̀ kì í sábà mọ́ gaara.

Ẹlòmíràn á ti máa béèrè báyìí pé kí ló kàn wá nínú trout. Òótọ́ ni pé kò sí lọ́dọ̀ wa, kò sì lè sí. Omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 10 sí 16 lórí ìwọ̀n Celsius ló bá a lára mu. Bó bá ti ń lé ní 24, ikú ti ń kanlẹ̀kùn nìyẹn. Omi ọ̀sà Èkó kì í sábà tutù ju 25 lọ, ó sì lè kọjá 30 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ibì kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n ti kó o wá láti òkè òkun: Kenya, sí àwọn odò orí òkè Aberdare ní 1905, South Africa pẹ̀lú, tí ilé ìsìnja rẹ̀ ní Jonkershoek ti wà láti ọdún 1893. Ibẹ̀ ni ẹja àlejò ti ń jẹ ẹja onílé nínú àwọn odò kéékèèké, ìjà sì wà títí dòní láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ kí ìjọba kà á mọ́ ara ohun àjèjì tó ń ba ilẹ̀ jẹ́. A kò ní láti kó ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ara wa lọ́rùn. Ẹja tó ń pa ẹja jẹ kò wọ́n wa. Kúta kéékèèké ń wọ ọ̀sà láti inú òkun nígbà tí omi iyọ̀ bá gun òkè. Ọmọ àwọn ẹja tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Polydactylus quadrifilis àti Caranx hippos náà ń dàgbà nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí iyọ̀ kò sí, ẹ ó bá Hepsetus odoe pàdé, eléyín ṣóńṣó tó ń ba láàárín koríko, àti Hemichromis fasciatus, ìbátan ẹpìà tó ní àmì dúdú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ ara. Èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni mo kà sí trout tiwa. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀, ó sì ń lé ohunkóhun tó bá kọjá níbẹ̀, ìjẹ onírin kékeré pẹ̀lú.

Omi tiwa tún gba ọgbọ́n kan tí odò trout kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Odò òkè kì í padà sẹ́yìn. Omi VGC àti Ìkọtà so mọ́ ọ̀sà, ọ̀sà sì so mọ́ òkun, nítorí náà ó ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ibi tó jẹ́ òkè odò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè ti di ìsàlẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹja tó kọjú sí ìhín á sì ti yí padà sí ọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ mọ wákàtí omi. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu ihò abẹ́ títì, níbi tí omi ti há tó sì ń sáré, ni ẹja máa ń dúró sí de edé. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ti ọdún, pé nígbà òjò ni omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń lé iyọ̀ padà, tó bá sì di ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á tún wọlé, ewéko àjèjì tó ń bo ojú omi láti ọdún 1984 á kú lójú ọ̀sà, àwọn ẹja òkun á sì dé. Ta ló tún ń kíyè sí gbogbo èyí ní ẹ́sítéètì? Ẹni tó ń gé koríko kò ní ìdí láti kíyè sí i. Ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú àyíká kò ní ìdí láti kíyè sí i. Ìwọ̀ nìkan ló ń fi ìdí náà sí ènìyàn lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ìkíyèsí yìí di ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé rèé. Omi tó wà ní ìwọ̀n 10 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú lítà kan. Èyí tó wà ní ìwọ̀n 30 kò lè gbà ju nǹkan bíi 7 ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé èémí omi tiwa kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilé kan bá wá tú omi ṣáláńgá rẹ̀ sínú kánáàlì lóru, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin náà á mí ìwọ̀nba tó kù tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń pa ẹja jẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹpìà á fara dà á díẹ̀ sí i. Àrọ̀ á dúró, torí pé òun ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ orí omi. Nítorí náà, ẹni tó ń ju ìjẹ sí ẹnu ihò kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń rí Hemichromis àti ọmọ kúta tẹ́lẹ̀, tó sì wá di pé oṣù kan kọjá tí nǹkan kan kò fa okùn rẹ̀, tó jẹ́ àrọ̀ nìkan ló ń yọ imú sókè, ti gba ìròyìn pé omi náà ń kú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi ìgò bu omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lè má bá alẹ́ tí wọ́n tú ṣáláńgá náà pàdé láé. Mi ò sọ pé ìgò rẹ̀ kò wúlò o. Ìgò ló máa sọ ohun tó wà nínú omi. Apẹja ló máa sọ ọjọ́ tó yẹ kí a bu ú.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ẹ̀rí wà níbì kan pé àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ti gba omi sílẹ̀ rí. Ó wà, nínú ìwé ilé ẹjọ́ sì ni. Ní 1948, agbẹjọ́rò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Eastwood, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn apẹja onífẹ̀ẹ́ lásán ń dá owó sí, kí wọ́n lè máa pe ẹni tó bá ba odò jẹ́ lẹ́jọ́. Ní ìlú Derby, odò Derwent ti bàjẹ́ níwájú ẹgbẹ́ apẹja kan tí wọ́n ń pè ní Pride of Derby. Ilé iṣẹ́ ńlá kan, British Celanese, ń da omi gbígbóná àti ẹ̀gbin sínú rẹ̀. Ìjọba ìlú ń da omi ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kò tọ́jú tán. Àjọ iná mànàmáná pẹ̀lú ń da omi gbígbóná. Àwọn apẹja náà kò gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn kéékèèké. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fà, ìjọba ìlú náà sì ṣàlàyé pé ìlú ló ń gbòòrò, pé òfin ló yọ̀ǹda iṣẹ́ ìtọ́jú omi ẹ̀gbin òun. Ilé ẹjọ́ kò gbà. Ní 1952, ìdájọ́ jáde pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì fún wọn ní àkókò láti ṣe àtúnṣe. Ẹjọ́ yẹn ṣì wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin ń kà, ẹgbẹ́ Eastwood sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, Fish Legal ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ohun méjì ló jẹ́ kí wọ́n jàre nínú ẹjọ́ náà lójú tèmi: wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí omi náà, wọ́n sì lè jẹ́rìí sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ará ìlú tó kàn ń gba orí afárá kọjá kò ní èkíní, kò sì lè sọ èkejì.

Àwọn kan á sọ pé bí ẹja bá ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú fi òfin de ìpẹja nínú gbogbo omi kéékèèké. Àtakò tó lágbára jù lọ nìyí, torí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílé. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹja odò náà. Èèwọ̀ ni, èèwọ̀ náà sì ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ju òfin ìjọba kankan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Omi Ọ̀ṣun di pípọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun má ṣe mu omi náà. Èèwọ̀ dá ọwọ́ apẹja dúró nínú igbó. Kò dá ẹrẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè dúró. Àwọn tó sì ké jáde, àwọn olùsìn tó ní ìdí láti máa lọ sí etí omi náà wà lára wọn. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn wá sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé omi tó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ so mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ nítorí ẹ̀sìn, ìbáà jẹ́ nítorí ìwọ̀, ní ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un. Kánáàlì VGC kò ní olùsìn. Bí a bá tún lé apẹja kúrò níbẹ̀, kò ní ẹnikẹ́ni mọ́.

Àtakò kejì wá láti ẹnu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ègùn, àwọn Àwórì àti àwọn Ìjẹ̀bú etí omi, tó jẹ́ pé ìpẹja ni oúnjẹ wọn. Wọ́n lè sọ pé àwọn ti ń jẹ́rìí omi yìí kí wọ́n tó kọ́ VGC, kí títì Lẹ́kí tó dé, ta ló sì gbọ́ tiwọn? Wọ́n jàre. Àwọn tó ń fa iyanrìn lójú ọ̀sà ti ba ibi tí ẹja ń yé sí jẹ́, ohùn àwọn apẹja kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí mò ń dá lábàá kò gbọ́dọ̀ gba etí omi kankan lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ omi tí mò ń sọ, ibi tí wọn kì í sábà ju àwọ̀n sí ni: ó há, ó wà láàárín ògiri, ẹ̀ṣọ́ àdáni sì wà lẹ́nu géètì. Tí wọ́n bá tilẹ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀, àwọ̀n kì í yan ẹja. Ẹ wo ẹpìà ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Sarotherodon melanotheron. Akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi yọ, kì í sì í jẹun dáadáa nígbà náà. Ìjẹ onírin á kọjá níwájú rẹ̀, kò ní yà sí i. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ á gbé òun àti ẹyin ẹnu rẹ̀ lọ lọ́wọ́ kan. Ẹ má sì gbàgbé èyí tó burú jù: oògùn apakòkòrò Gamalin tí àwọn kan ń dà sínú odò kékeré kí ẹja lè léfòó. Òfin ìpẹja inú ilẹ̀ tó jáde ní 1992 ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀. Ta ló ń ṣọ́ ọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ní ibi tí ọlọ́pàá kì í dé? Àárọ̀ kùtùkùtù gan-an ni wákàtí ẹni tó ń ju ìjẹ.

Ẹlòmíràn ní ìmọ̀ràn tó dàbí èyí tó yá jù: kí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ onílé ra ọmọ àrọ̀ àti ẹpìà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja, kí wọ́n dà wọ́n sínú kánáàlì, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà ti gbìyànjú irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú odò trout, lọ́dọọdún ni wọ́n ń da ẹja ilé ìsìnja sínú omi. Onímọ̀ ẹja kan níbẹ̀, Dick Vincent, wọn iye ẹja inú odò Madison àti odò kékeré kan tó ń jẹ́ O'Dell Creek, ó sì rí i pé níbi tí wọ́n ti ń da ẹja sí ni trout tí wọ́n bí sínú odò náà ti ń dín kù, pé bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ní 1974, Montana fòpin sí dída ẹja sínú àwọn odò tó lè tọ́ ọmọ tirẹ̀. Inú bí àwọn tó ń ta ìjẹ àti àwọn tó ní ilé ìtura nígbà yẹn, àmọ́ odò Montana wà lára àwọn tí àwọn apẹja ń ti ìlú òkèèrè wá bá lónìí. Ẹja tí a dà sínú omi tó ń kú á kú pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí a dà sínú omi tó yè á máa bá onílé du oúnjẹ. Owó tí wọ́n bá fẹ́ fi ra ọmọ àrọ̀, kí wọ́n fi dí ihò ṣáláńgá tó wọ kánáàlì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó máa ń bí Yorùbá nínú jù, pé kí ènìyàn mú ẹja kó sì dá a padà sómi. Wọ́n á ní ìyà àìnídìí ni, wọ́n á ní ẹni tí ebi kò pa ló ń fi oúnjẹ ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ní ìdáhùn, ẹja tó ń pa ẹja jẹ ní kánáàlì tó gba ẹ̀yìn ilé àti ilé epo kọjá kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti jẹ, torí ohun tí ẹja kékeré bá kó sára, inú ara ẹja tó jẹ ẹ́ ló ń pọ̀ sí. Èyí tó bá wá láti ojú ọ̀sà tó mọ́, kí ẹni tó mú un sè é. Èyí tí a ó dá padà, kí a ṣe é bí ẹni tó bìkítà: ìwọ̀ kan ṣoṣo tí a ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ tí a ti rẹ sínú omi kó má bàa bó awọ ẹja, kí ẹja má sì kúrò nínú omi nígbà tí a bá ń yọ ìwọ̀. Nítorí pé èémí omi wa kúrú, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹja ṣeré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, bí oòrùn bá sì ti gun orí, kí a ká okùn kó dọ̀la. Díẹ̀ nínú wọn á ṣì kú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òru kan tí wọ́n bá fi tú ṣáláńgá lè pa ju èyí tí apẹja mẹ́wàá lè pa lọ́dún, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i, torí pé kò sẹ́ni tó rí i.

Àwọn tó sọ pé eré olówó ni, mo fẹ́ kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkọtà. Láti 2023 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ kọmíṣọ́nnà àyíká àti omi, Tokunbo Wahab, ti ń wó ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú omi níbẹ̀, ní àwọn ojú ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní System 156 àti System 157. Àwọn onílé sunkún, àwọn ará àdúgbò tí àgbàrá ń bá wọlé ní tiwọn ń bèèrè pé níbo ni ìjọba wà láti ọjọ́ yìí. Ilé kì í hù lójú omi lọ́jọ́ kan. Tírélà iyanrìn àkọ́kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà èkejì, títí omi á fi há. Ní Oṣù Keje 2017, nígbà tí àgbàrá bo ọ̀pọ̀ títì Lẹ́kí, ẹ̀kọ́ náà ti wà níwájú gbogbo ènìyàn, ọlọ́rọ̀ àti tálákà. Ẹni tó ń lọ sí bèbè yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á ti rí tírélà àkọ́kọ́, inú á sì bí i, torí ibi tí ẹja rẹ̀ ń dúró sí ni wọ́n ń dí. Bó bá jẹ́ olówó tí kọmíṣọ́nnà máa gbé fóònù rẹ̀, èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kí ó lo ipò rẹ̀ fún odò.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gba àlàyé púpọ̀. Ejò wà, awọ́nríwọ́n wà, ọ̀nì pàápàá wà nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Lẹ́kí. Ẹni tó bá ti dé ọgbà Lekki Conservation Centre, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, mọ̀ pé ilé wọn la wá kọ́lé sí. Kí ọmọdé má dá lọ, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi náà, kí bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 tó láti orí bèbè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn onílé VGC àti ti àwọn ẹ́sítéètì tó yí Àjà ká ṣe kò ní ná wọn ní owó púpọ̀. Kí wọ́n yọ̀ǹda kí àwọn tó ń gbé láàárín wọn, àti àwọn ọmọ abúlé tó wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú, máa fi ìwọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀gún àti ìjẹ ẹ̀tàn pẹja ní etí kánáàlì, láì lo àwọ̀n, láì lo oògùn. Kí ẹni tó bá gba àyè náà máa kọ ohun mẹ́rin sínú ìwé nígbàkigbà tó bá lọ: wákàtí omi, bí omi ṣe gbóná tó, irú ẹja tó mú tàbí tó tẹ̀ lé ìjẹ, àti ohun àjèjì tó rí tàbí tó gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ máa kó ìwé wọ̀nyí jọ, kó sì mú wọn lọ bá LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Oṣù Kọkànlá ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá ti dá tí omi iyọ̀ sì fẹ́ gun òkè, kí àkọsílẹ̀ oṣù méje tó ti wà lọ́wọ́ kí òjò Oṣù Kẹfà tó dé, torí òjò ni àwọn kan máa ń dúró dè kí wọ́n tó ṣí ṣáláńgá wọn sí kánáàlì.